Ọkùnrin tí kò lórúkọ: ìfìwàwẹ̀dá àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn nínú ìtàn-àròsọ ọ̀tun ilẹ̀ Ghana

Ìtàn-àròsọ ọ̀tun ni a ń pe irú ìtàn-àròsọ kan tí ó kọ ẹ̀yìn sí ìlànà àtijọ́, èyí tí asọ̀tàn fi ń fa òǹkàwé lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin rẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìtàn lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ó sì padà sẹ́yìn láìkìlọ̀. Asọ̀tàn lè wọ inú ọkàn ẹ̀dá-ìtàn kan lọ láìsọ fún wa pé òun ti wọlé. Olú ẹ̀dá-ìtàn fúnra rẹ̀ lè má jẹ́ akọni, kí ó má sì jẹ́ ọ̀daràn, kí ó kàn jẹ́ ẹni tí ayé ń kọjá lójú rẹ̀. Ní Yúróòpù, Ulysses ti James Joyce, tí ó jáde ní 1922, Mrs Dalloway ti Virginia Woolf, tí ó jáde ní 1925, àti The Trial ti Franz Kafka, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1925 kan náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sí orílẹ̀-èdè tí irú ìwé báyìí ti fìdí múlẹ̀ tó Ghana. Ayi Kwei Armah ni ó ṣáájú pẹ̀lú The Beautyful Ones Are Not Yet Born ní 1968. Kofi Awoonor tẹ̀lé e pẹ̀lú This Earth, My Brother ní 1971, Ama Ata Aidoo pẹ̀lú Our Sister Killjoy ní 1977, àti Kojo Laing pẹ̀lú Search Sweet Country ní 1986. Orí ìwé Armah ni àkọsílẹ̀ yìí yóò ti pẹ́ jù, nítorí pé òun ni wọ́n jà lé lórí jù, ìjà náà kò sì tíì tán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àkọlé ìwé náà ti wá, kí ó lọ dúró ní oríta ńlá Santasi, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Kumasi, kí ó sì máa ka ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ akérò tí àwọn ará Ghana ń pè ní tro-tro kì í sábà rìn láìní ọ̀rọ̀ lára: àdúrà, ọpẹ́, òwe, ìkìlọ̀ fún ọ̀tá. Ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin inú ìwé Armah ti ka gbólóhùn náà ní òpin ìtàn, pé a kò tíì bí àwọn arẹwà ọ̀hún, pẹ̀lú òdòdó kan tí wọ́n yà sí àárín rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ sára ọkọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kọ, Armah kò sì tún un ṣe. Ó gbé àṣìkọ náà lọ sí èèpo ìwé bí ó ṣe wà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Etíkun ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ojú irin so ó mọ́ Kumasi. Ní 1898 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin yìí láti Sekondi. Ó gba Tarkwa àti Obuasi kọjá, ó sì wọ Kumasi ní 1903, kí ó lè máa kó wúrà àti gẹdú ilẹ̀ Asante lọ sí etí òkun. Iṣẹ́ akọ̀wé tí ń darí ìrìn ọkọ̀ ojú irin ni ọkùnrin náà ń ṣe, oníṣòwò gẹdú kan ni ó sì wá fi owó ẹ̀yìn lọ̀ ọ́ kí igi rẹ̀ lè tètè kúrò nínú igbó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí ìwé náà ní Opoku Ware School, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 tí ó sì wà ní Santasi, ń ka ìtàn nípa ìdí òkun kan tí igbó tirẹ̀ ń bọ́. Bákan náà ni fún ọ̀pọ̀ Yorùbá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ọ̀fà àti Ṣakí tí wọ́n ti gbé ní Kumasi tí wọ́n sì ti tajà níbẹ̀ kí àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn kúrò mọ ìgbà tí ìwé yìí ń sọ, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí ó gbà lọ. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni ìwé náà jẹ́ fún wọn.

Takoradi ni wọ́n ti bí Armah ní 1939. Ó kàwé ní Achimota, ó sì lọ sí Groton àti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Boston ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé yìí, tí ó jẹ́ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn láti sọ. Akọ̀wé ojú irin kan kọ̀ láti gba owó ẹ̀yìn, ìyàwó rẹ̀ Oyo àti ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń fi ìkọ̀sílẹ̀ yìí bú u lójoojúmọ́. (Kò sí ohunkóhun nínú ìwé náà tí ó so orúkọ ìyàwó yìí mọ́ ìlú Ọ̀yọ́, òǹkàwé Yorùbá ni ó máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.) Koomson, tí òun àti ọkùnrin náà jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ti di mínísítà nínú ìjọba Nkrumah, ó sì fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn ra ọkọ̀ ìpẹja. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1966, ilé ọkùnrin náà ni Koomson sá wá. Ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí agbépò máa ń gbà fa garawa rẹ̀ jáde, ni àwọn méjèèjì gbà sá lọ. Ọkọ̀ ìpẹja náà gbé mínísítà lọ. Ọkùnrin náà bẹ́ sínú omi, ó sì wẹ̀ padà sí èbúté.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ọgbọ́n Armah ti hàn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa. Nínú ọkọ̀ akérò kan, kọ́ńdọ́ ń ka owó tí ó pa, ó sì gbé owó bébà kan sí imú. Òórùn rẹ̀ jẹ́ òórùn ohun tí ó ti rà, síbẹ̀ ó dùn mọ́ ọn, ó tún un gbóòórùn. Nígbà náà ni ó rí ojú méjì tí ó là sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ń wò ó. Ẹ̀rù bà á. Ó ronú ohun tí yóò fi pa ẹlẹ́rìí yìí lẹ́nu mọ́, ó mú sìgá kan dání, ó sì rìn lọ bá a pẹ̀lú ohùn ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ó súnmọ́ ọn ni ó rí i pé ọkùnrin náà ń sùn, ó la ojú sílẹ̀ sùn ni, itọ́ sì ń ṣàn láti ẹnu rẹ̀ sórí àga ọkọ̀. Ẹ̀rù kọ́ńdọ́ di èébú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi sìgá bẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni ó wá ń pàṣẹ fún pé kí ó nu itọ́ rẹ̀.

Asọ̀tàn arínúróde ni ó ń sọ ìtàn yìí. Ó lè sọ fún wa, bí Fágúnwà ì bá ti sọ, ẹni tí ọkùnrin náà í ṣe, ọmọ ta ni, kí ni ó ń ṣe nínú ọkọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Inú ọkàn olè kékeré ni ó kọ́kọ́ wọ̀. Ojú olè yìí ni a fi rí olú ẹ̀dá-ìtàn fún ìgbà àkọ́kọ́, a sì rí i ní àṣìrí lẹ́ẹ̀mejì: lákọ̀ọ́kọ́ bí adájọ́ tí kò sí ohun tí kò rí, lẹ́yìn náà bí ìdọ̀tí tí ó yẹ kí a nù. Jálẹ̀ ìwé náà, kò sí ẹni tí yóò wo ọkùnrin yìí ní ọ̀nà kẹta títí tí yóò fi kù díẹ̀ kí ìtàn parí. Àwọn tí ń gba ẹ̀gúnjẹ ń bẹ̀rù rẹ̀ nítorí pé kò gbà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń kẹ́gàn rẹ̀ fún ìdí kan náà. Lẹ́yìn ìpàdé yìí, Armah kò ní láti ṣàlàyé ìwà ọkùnrin náà fún wa mọ́, kò sì ṣàlàyé rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò ní orúkọ. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, àwọn òǹkọ̀wé wa sì ti mú òwe yìí lò dáadáa. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, bí a bá ti gbọ́ orúkọ Ìmọ̀dóye tàbí Olóhùn-iyọ̀ ni a ti mọ iṣẹ́ tí ẹni náà wá ṣe nínú ìtàn. Orúkọ ni ìwà. Kafka gé orúkọ ènìyàn rẹ̀ kù sí lẹ́tà kan. Armah mú un kúrò pátápátá, ó sì ṣe é láàárín àwọn tí ó lórúkọ: Koomson, Estella ìyàwó rẹ̀, Oyo, Kofi Billy, Maanan. Àwọn alámèyítọ́ kan ti sọ pé torí kí ọkùnrin náà lè dúró fún gbogbo ènìyàn ni kò fi lórúkọ. Àlàyé yìí kò tó. Bí ó bá jẹ́ pé ó dúró fún gbogbo ènìyàn ni, kí ló dé tí kò sí ẹnì kan nínú ìwé náà tí ó fẹ́ jọ ọ́? Ẹ wo ohun tí ìwé náà ṣe sí orúkọ níbòmíràn. Àdúgbò àwọn olówó kún fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti lọ́ orúkọ bàbá wọn mọ́ ti òyìnbó títí tí kò fi dùn-ún pè mọ́. Rama Krishna, tí ó jẹ́ ọmọ Ghana pọ́ńbélé, gba orúkọ àjèjì nítorí pé ó fẹ́ sá fún ìbàjẹ́ ayé, àìsàn sì jẹ ẹ́ nínú títí tí ó fi kú. Nínú ayé tí Armah dá, orúkọ ni ibi tí ayé ti ń di ènìyàn mú. Bí orúkọ bá jẹ́ ìjánu lóòótọ́, ọkùnrin yìí ni ẹṣin kan ṣoṣo tí wọn kò rí ibi fà.

Ohun kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó lè jẹ́ kí a rí iṣẹ́ Armah ju bí àwọn tí ń kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti ń rí i lọ. Òǹkọ̀wé ọ̀tun tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì a máa yọ “ó rò pé” kúrò níwájú èrò ẹ̀dá-ìtàn, a sì fi èrò náà sílẹ̀ ní ìhòòhò, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní mọ̀ bóyá asọ̀tàn ni ó ń sọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀dá-ìtàn ni ó ń ronú. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹni tí ń ronú àti fún ẹni tí a ń ronú nípa rẹ̀. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Ó ní ó ti gba owó náà” máa ń jẹ́ kí a wá ẹlòmíràn tí ó gba owó. “Ó ní òun ti gba owó náà” kò jẹ́ kí a wá ẹnikẹ́ni. Òun ni àmì ẹni tí ó ni èrò. Bí a bá wá yọ “ó ní” kúrò, tí a kọ ọ́ báyìí pé “Kí ni òun ṣe tí gbogbo ilé fi ń wo òun bí olè?”, kò sí Yorùbá tí yóò rò pé asọ̀tàn ni ó ń bèèrè.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá ní láti máa pinnu, gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn, ohun tí Armah mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìpinnu. Àyẹ̀wò tí ó dára ni èyí jẹ́ fún òǹkàwé. Ẹ mú ibi tí ọkùnrin náà ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé kò ti fi ohunkóhun pamọ́ fún wa, láti ilẹ̀ dé ara ògiri. Imú ta ni ó ń gbóòórùn yìí? Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òun, a ti sọ pé ọkùnrin náà ni ìríra ń pa, pé ara rẹ̀ ni kò gba nǹkan mọ́ra, pé ẹlòmíràn lè wọlé kí ó má rí ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lásán lọ. Bí a bá yọ òun kúrò, ìdọ̀tí náà di ti ayé fúnra rẹ̀, asọ̀tàn sì di ẹlẹ́rìí tí a gbọ́dọ̀ gbà gbọ́. Ìwé náà kò yàn. Ohun tí wọ́n sì ń jà lé lórí láti ìgbà náà kò ju èyí lọ.

Chinua Achebe ni ó sọ̀rọ̀ náà tí ó lágbára jù. Nínú àròkọ kan tí ó wà nínú Morning Yet on Creation Day, tí ó jáde ní 1975, ó ní ìwé Armah ń ṣàìsàn, àti pé àìsàn náà kì í ṣe ti Ghana. Lójú rẹ̀, àárẹ̀ ọkàn àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù, tí wọn kò rí ìtumọ̀ nínú wíwà láyé mọ́, ni Armah gbé wá bo orílẹ̀-èdè kan tí ó ní ìṣòro tirẹ̀ lórí. Ẹ̀sùn ńlá ni. Ó ń bi òǹkọ̀wé léèrè bóyá ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí wọ́n yá láti ibòmíràn lè sọ òtítọ́ nípa ilé.

Ìdajì ẹ̀sùn yìí ni a lè gbà. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá dàgbà ní Kumasi yóò wá ohun púpọ̀ tì nínú ìwé náà. Kò sí ìpàdé ẹbí níbẹ̀, kò sí òkú tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú aṣọ pupa àti dúdú, kò sí bàbá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó wá dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń bú lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ Akan, tí kò sì sí àgbà kan tí ó ránṣẹ́ pè wọ́n! Armah ti gé okùn gbogbo tí ó so ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ mọ́ ènìyàn kí ìdánìkanwà rẹ̀ lè mọ́ kedere, gígé yìí sì jẹ́ àfọwọ́fà òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n láti sọ pé Ghana kò sí nínú ìwé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń wo ojú ènìyàn nìkan, tí kò wo nǹkan. Igi ìdìmú àtẹ̀gùn kan wà ní ọ́fíìsì ojú irin tí Armah fi ojú ìwé odindi ṣàpèjúwe. Wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà ìdán lemọ́lemọ́, àwọn ọwọ́ tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sì ń fi èérí wọn bo ọ̀dà náà, títí tí a kò fi mọ ibi tí igi parí sí tí èérí bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀dá-ìtàn kankan níbẹ̀ tí ń ronú. Igi náà gan-an ni ẹ̀dá-ìtàn. Ilé ìjọba amúnisìn ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ jogún rẹ̀, wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà ìdán. Ẹni tí ó bá ti wọ ọ́fíìsì ìjọba rí ní Accra tàbí ní Ìbàdàn kò ní béèrè bóyá Yúróòpù ni Armah ti rí i.

Kì í ṣe Armah nìkan ni ó fi ìgbẹ́ ṣe ọnà. Ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ní 1965, Wọlé Ṣóyínká ti tẹ The Interpreters jáde, níbi tí Ṣàgóè oníròyìn ti sọ ìgbọ̀nsẹ̀ di ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ tí ó ní àwọn ìlànà tirẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ẹ̀rín. Ṣàgóè ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí yóò fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá lára. Ọkùnrin Armah ní ọ̀rẹ́ kan péré, Olùkọ́, tí ó jókòó sílé ní ìhòòhò tí ó ń gbọ́ rédíò, tí kò fẹ́ kí ayé rí òun mọ́. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní chichidodo ni Oyo fi ṣe àkàwé ọkọ rẹ̀. Ẹyẹ náà kórìíra ìgbẹ́ tọkàntọkàn, ìdin inú ìgbẹ́ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fi rẹ́rìn-ín ni.

Orí kẹfà ni ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Níbẹ̀, láìsọ ìdí, ìtàn fi asọ̀tàn arínúróde sílẹ̀, ó sì bọ́ sí ojú-mi-ló-ṣe. Ẹnì kan ń sọ “èmi”, ó ń rántí ìgbà tí àwọn ọmọ ogun padà dé láti ojú ogun àgbáyé kejì, bí okùn irin ti gé ẹsẹ̀ Kofi Billy ní èbúté àti bí ó ṣe pokùn so lẹ́yìn náà, bí Maanan ṣe mú igbó wá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí òkun, àti bí olórí tuntun kan ti dé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kí wọ́n gbà pé ayé yóò dára. Olùkọ́ ni ó dà bíi pé ó ń sọ̀rọ̀. Ní àwọn ibìkan, a óò bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ọkùnrin náà ni. Àwọn kan ka èyí sí àléébù ìkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, orí yìí nìkan ni ibi tí ìrètí gbé wà nínú ìwé náà, ìrètí yẹn sì jẹ́ ti gbogbo ìran kan. Ẹni tí ó ń rántí rẹ̀ kò lè sọ pé tòun nìkan ni. Láti ibẹ̀ ni a ti ń lóye ìdí tí àwọn orí yòókù fi rí bí wọ́n ṣe rí: àwọn tí ohùn wọn papọ̀ rí ni wọ́n ti tú ká sínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin. Estella kò ju irun àtọwọ́dá àti ọtí òyìnbó lọ. Ìyá ìyàwó kò ju ahọ́n lọ. Maanan, tí ó jẹ́ ẹ̀mí orí kẹfà, padà wá ní òpin gẹ́gẹ́ bí wèrè etí òkun, a kò sì wọ inú ọkàn rẹ̀ lọ rí. Oyo nìkan ni Armah fún ní ìyípadà. Ní alẹ́ tí Koomson jókòó sínú yàrá wọn, tí ẹ̀rù ti jẹ́ kí inú rẹ̀ tú, tí òórùn rẹ̀ gba ilé, Oyo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé inú òun dùn pé kò dà bíi mínísítà yìí. Gbólóhùn kékeré kan ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan wo ọkùnrin náà láìbẹ̀rù rẹ̀ láìkẹ́gàn rẹ̀, ojú ọ̀nà kẹta tí a ti ń retí láti inú ọkọ̀ akérò sì ṣí.

Bí Aidoo ti kọ Our Sister Killjoy dà bí ìdáhùn, bóyá ó ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀ tàbí kò ní i. Sissie, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n rán láti Ghana lọ sí Jámánì, ni ojú tí ń wo ayé níbẹ̀. Kò sùn. Ó ń wo Yúróòpù bí Yúróòpù ti máa ń wo àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i. Aidoo a máa da ọ̀rọ̀ geere dúró lójijì kí ó bọ́ sí ewì, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ méjì péré ni yóò wà lójú ìwé, bí ẹni tí ó jánu lẹ́nu ọ̀rọ̀ nítorí ìbínú. Apá tí ó kẹ́yìn jẹ́ lẹ́tà ìfẹ́ tí Sissie kọ sí ọkùnrin kan, tí ó sì pinnu nínú ọkọ̀ òfuurufú pé òun kì yóò fi ránṣẹ́. Ìtìjú Sissie nígbà tí ó rí i pé ó dùn mọ́ òun láti dun Marija, obìnrin ará Jámánì tí ó fẹ́ràn rẹ̀, jinlẹ̀ ju ohunkóhun tí ọkùnrin Armah jẹ́wọ́ fún wa lọ. This Earth, My Brother ti Awoonor kò ní pẹ́ wa. Àwọn orí tí ń sọ ìtàn Amamu agbẹjọ́rò àti àwọn orí tí ó jọ oríkì tàbí arò ń tẹ̀lé ara wọn, títí tí ọpọlọ Amamu fi dàrú tí ó sì lọ sí etí òkun ìgbà èwe rẹ̀. Akéwì ni Awoonor, àwọn orí ewì ni ó sì dára jù. Ìyàwó àti àlè Amamu kò ju òjìji lọ.

Kumasi ni wọ́n ti bí Kojo Laing ní 1946. Ó kàwé ní Scotland, ó gba oyè ní Yunifásítì Glasgow ní 1968, ọdún tí ìwé Armah jáde, ó sì kú ní 2017. Ohun tí ó ṣe ní Search Sweet Country yàtọ̀ pátápátá. Accra ọdún 1975, lábẹ́ ìjọba ológun, ni ibùdó-ìtàn rẹ̀. Níbi tí Armah ti gba orúkọ lọ́wọ́ ènìyàn kan, Laing tú orúkọ dà sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ: 1/2-Allotey, Kojo Okay Pol, Sally Soon, Osofo Ocran, Ebo the Food. Àjẹ́ kan tí ń jẹ́ Adwoa Adde ń fò lókè ìlú lóru, ó ń gbọ́ ohun tí ń bẹ lọ́kàn àwọn ènìyàn. Arínúróde tòótọ́ ni, ó sì jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn láàárín àwọn yòókù. Èyí ni ọgbọ́n tí ó dára jù nínú ìwé náà lójú wa. Laing mú agbára tí asọ̀tàn máa ń fi pamọ́ sẹ́yìn ìtàn, ó sì fi í lé obìnrin ìlú kan lọ́wọ́, kí àárẹ̀ agbára náà lè máa mú un. Beni Baidoo, arúgbó tí ó fẹ́ tẹ abúlé tirẹ̀ dó, ń rìn kiri láàárín wọn, ó ń tọrọ nǹkan, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì Laing gba ọ̀rọ̀ Akan, Gã àti Hausa mọ́ra láìdúró túmọ̀ wọn, ó sì to àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn ìwé fún ẹni tí kò gbọ́. Ó máa ń rẹ òǹkàwé. Bí a bá ka ogójì ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan, àwòrán orí àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo ènìyàn mọ́lẹ̀, ìmọ̀ràn wa sì ni pé kí a máa kà á díẹ̀díẹ̀.

Síbẹ̀, lábẹ́ gbogbo ariwo náà, ibi kan náà tí Armah ti bẹ̀rẹ̀ ni ìtàn Laing ti gbéra. Kofi Loww, aláìníṣẹ́ onírùngbọ̀n tí ó fẹ́ràn láti máa rìn kiri kí ó sì máa ronú, wà ní pápákọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ tí àwọn alágbára kan ń kó ẹṣin wọlé ní ìkọ̀kọ̀, ó sì rí wọn. Dókítà Boadi bẹ̀rẹ̀ sí í rán ènìyàn wá a kiri kí wọ́n lè pa á lẹ́nu mọ́, gẹ́gẹ́ bí kọ́ńdọ́ ti mú sìgá lọ bá ojú méjì tí ó là sílẹ̀ nínú òkùnkùn ọkọ̀. Ẹni ti Armah ń sùn ní tirẹ̀. Loww kò sùn. Ó ti rí ẹṣin náà, ó mọ̀ pé òun rí wọn, ó sì ń rìn lọ ní òpópónà Accra, ó ń rò ó lọ́wọ́ bóyá ohun tí òun rí yẹ kí òun sọ.